Èló lẹ lè san fún ráúǹdì gọ́ọ̀fù kan ṣoṣo?

Òwúrọ̀Kùtù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Àwa mẹ́rin la jọ máa ń gbá gọ́ọ̀fù láràárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Lọ́dún yìí, a ní ká rìnrìn àjò, ká lọ gbá ní pápá mẹ́rin láàárín ọjọ́ márùn-ún. Mẹ́ta nínú wọn, owó wọn ò ga ju ohun tí apá wa ká lọ. Ẹ̀kẹrin ló dá wàhálà sílẹ̀. Owó pápá ibẹ̀ fún ẹnì kan, fún ihò 18 péré, ìyẹn ráúǹdì kan, jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà ohun tí mò ń san ní pápá tí mo máa ń lọ. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń rìn kiri pápá ò sí nínú ẹ̀. Kádì tó máa gbé àpò ò sí nínú ẹ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù ti ní àwọn máa san án, èmi nìkan ló kù tí mo ṣì ń ṣiyè méjì.

Kì í ṣe pé mi ò ní owó yẹn lọ́wọ́. Ìyẹn gan-an ló ń yọ mí lẹ́nu. Ká ní mi ò ní in, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Mo ní in, ṣùgbọ́n mo mọ nǹkan mìíràn tó lè ṣe nínú ilé.

Níbo ni tiyín dópin sí? Èló lẹ lè san tí ọkàn yín á fi balẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù? Tí mo bá san án, mi ò fẹ́ máa ka owó lórí ihò kọ̀ọ̀kan. Tí mi ò bá sì san án, mi ò fẹ́ jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì kí n máa wo aago títí wọ́n á fi dé.

Ọ̀pá7

Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ìlọ́po méjì ohun tí mò ń san lójoojúmọ́ ni tèmi, mi ò ní kọjá bẹ́ẹ̀.

Mo ti dán an wò rí. Ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ gọ́ọ̀fù, àwọn ará ibi iṣẹ́ mi mú mi lọ sí pápá olówó ńlá kan. Nígbà yẹn, bí mo bá fi ìgbá 105 parí ihò 18, inú mi á máa dùn, bẹ́ẹ̀ bí ìgbá bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Ihò kìíní lọ dáadáa. Èkejì náà ò burú. Ní ihò kẹta, bọ́ọ̀lù mi kó sínú omi. Mo ju òmíràn sílẹ̀, òun náà tẹ̀ lé ẹnìkejì rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo dúró sí, tí mò ń wo bí omi ṣe ń pa rọ́ńdo-rọ́ńdo lójú ibi tí bọ́ọ̀lù wọ̀ sí, tí mo sì ń fi 18 pín owó pápá nínú orí mi. Láti ìgbà yẹn, kì í ṣe gọ́ọ̀fù ni mò ń gbá mọ́. Mo di ọ̀pá mú bí ẹni tó di okùn kànga mú, èjìká mi le gbagidi, gbogbo bọ́ọ̀lù ń yà sọ́tùn-ún. 121 ni mo fi parí.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Pápá tí wọ́n ṣe fún ẹni tó lè gbé bọ́ọ̀lù fò kọjá omi ní 180 mítà, kí ni kí èmi lọ wá débẹ̀?

AlápòPupa

Ọ̀pá7, mo gbọ́ ọ yé, ṣùgbọ́n ibi tí èmi dúró sí yàtọ̀.

Ní 2024, èmi àti àbúrò ìyàwó mi gbá pápá Old Course ní St Andrews, ní Scotland. Owó pápá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dún náà jẹ́ 320 pọ́n-ùn fún ẹnì kan, owó kádì sì wà lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ owó nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń wọlé. Wọ́n ní láti rí ìwé handicap rẹ, nọ́ńbà tó ń fi hàn bí o ṣe mọ gọ́ọ̀fù gbá tó, wàá fi orúkọ sílẹ̀, wọ́n á sì ṣa orúkọ àwọn tó máa gbá ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ẹ̀ẹ̀mẹta la fi orúkọ sílẹ̀ kí tiwa tó jáde. Lọ́jọ́ Àìkú, wọn kì í sábà gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ rárá. Àwọn ará ìlú ló ń nasẹ̀ lórí pápá náà, tàwọn ti ajá wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi owó yẹn rà. Gíríìnì ni ibi koríko kúkúrú tí ihò wà. Méje ló wà níbẹ̀ tí ihò méjì méjì jọ ń lò. Ihò 2 àti 16 wà lórí ọ̀kan, 3 àti 15 wà lórí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ. Bí ẹ bá ro nọ́ńbà méjèèjì pọ̀, 18 ló máa ń jẹ́. Ní ihò karùn-ún, mo gbá bọ́ọ̀lù mi gúnlẹ̀ sórí gíríìnì, mo ti ń yọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ṣì ku bí àádọ́ta ìgbésẹ̀ kí bọ́ọ̀lù mi tó dé ihò. Kádì wa, bàbá kan tí irun orí rẹ̀ ti funfun gbòò, bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀ látọ̀nà jíjìn. Ó nawọ́ sí ibì kan tó yà sápá òsì gidigidi, ó ní kí n gbá a síbẹ̀, kí n gbàgbé ihò. Mo ṣe bó ṣe wí. Bọ́ọ̀lù gòkè, ó rọra yí, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ó wá dúró sí ìgbésẹ̀ kan sí ihò. Bàbá náà ò sọ nǹkan kan, ó kàn mi orí lẹ́ẹ̀kan.

Orí ilẹ̀ yẹn ni wọ́n ti dín ihò 22 kù sí 18 ní 1764. Torí ibẹ̀ la ṣe ń gbá 18 lónìí. Mo fẹ́ rìn níbẹ̀ kí n tó kú, mo sì ti rìn ín. Ẹ̀gbọ́n Òwúrọ̀Kùtù, ohun tí mo máa bi yín ni pé: pápá kẹrin yìí, ṣé ẹ ti ń lálàá rẹ̀ tipẹ́, àbí àwọn ọ̀rẹ́ yín ló mẹ́nu kàn án? Ìdáhùn ìyẹn ló máa sọ iye tó tó.

Ẹlẹ́sẹ̀Rìn

Ẹ má jẹ́ ká dà á pọ̀ o. Ọ̀nà owó gọbọi àti ọ̀nà pápá tó dára kì í fìgbà gbogbo pàdé.

Ẹ wo Bethpage Black ní ìpínlẹ̀ New York. Pápá ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Wọ́n gbá àwọn ìdíje ńlá níbẹ̀, US Open ní 2002 àti 2009, PGA Championship ní 2019, Ryder Cup ní 2025. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 65 dọ́là ni ọmọ ìpínlẹ̀ náà ń san láàárín ọ̀sẹ̀, àlejò sì ń san ìlọ́po méjì. Kò sí kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ lo máa fi rìn ín. Àwọn èèyàn ń sùn sínú ọkọ̀ wọn mọ́jú níbi ìgbọ́kọ̀sí kí wọ́n lè rí àyè gbà. Nítòsí tee àkọ́kọ́, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ihò, wọ́n gbé pátákó kan síbẹ̀ tó ń kìlọ̀ pé pápá náà le gan-an, àwọn tó mọ gọ́ọ̀fù gbá dáadáa nìkan ni wọ́n gbà níyànjú pé kó wọ̀ ọ́.

Ẹ wá wo Pebble Beach ní California. Òun náà gba US Open lálejò lọ́pọ̀ ìgbà. Owó pápá ibẹ̀ ti kọjá 600 dọ́là, tí o bá sì fẹ́ kí àyè rẹ dájú ṣáájú àkókò, wàá sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì wọn, owó ìyẹn tún wà lọ́tọ̀. Mi ò sọ pé wọn ò yàtọ̀ síra. Pebble Beach ní òkun Pàsífíìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ihò kejìdínlógún rẹ̀ ń tẹ̀ lé etí òkun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òkun yẹn ni wọ́n ń tà fún ọ. Tí òkun bá wù ọ́, rà á. Ṣùgbọ́n má sọ pé gọ́ọ̀fù lo san gbogbo owó yẹn fún.

Ohun kejì ni ti ọmọ onílé àti àlejò. Torrey Pines ní San Diego, ìlú ló ni ín, US Open ti wáyé níbẹ̀ ní 2008 àti 2021, owó tí ará ìlú ń san ò dé ìdajì ti àlejò. Àlejò ló ń bá wọn gbé ẹrù. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá ní òun san iye báyìí ní ibì kan, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ọmọ ibẹ̀ ni.

Agékoríko

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń tọ́jú koríko pápá gọ́ọ̀fù.

A máa ń débẹ̀ nígbà tí a ò tíì rí ojú ara wa dáadáa. Ìrì ṣì wà nílẹ̀. Gíríìnì ni a kọ́kọ́ ń gé, bí mílímítà mẹ́ta péré ni koríko rẹ̀ máa ń ga, nígbà mìíràn kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Tí abẹ ẹ̀rọ bá kú díẹ̀, fífà ló máa fa koríko náà ya, kò ní gé e. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, orí rẹ̀ á ti pọ́n bí ewé tí iná rà. Nítorí náà, ojoojúmọ́ la ń yẹ abẹ wò. Lẹ́yìn náà la máa gbẹ́ ihò tuntun, mílímítà 108 ni ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀, a ó fi ilẹ̀ tí a hú jáde dí ti àná, a ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, a ó bomi rin ín. Gíríìnì 18. Lẹ́yìn ìyẹn ni kòtò yanrìn, tee, fairway tó jẹ́ ọ̀nà koríko láti tee dé gíríìnì, àti omi tó gbọ́dọ̀ rin gbogbo rẹ̀ lóru. Kí àìsàn koríko má tíì wọlé o. Òru ọjọ́ kan tí ooru mú, tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́, ó tó láti ba gíríìnì tí a ti fi oṣù mẹ́fà tọ́jú jẹ́.

Ẹ̀rọ tó ń gé gíríìnì, ọ̀kan ṣoṣo lè gba owó ọkọ̀ tuntun. Síbẹ̀, òṣìṣẹ́ ló ń gbé owó jù. Pápá tó ní èèyàn mẹ́jọ àti pápá tó ní ọgbọ̀n èèyàn, ẹ máa rí i lójú ilẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá owó yín ń wọ inú ilẹ̀, ẹ má wo ilé ìgbàlejò wọn, ẹ má wo gíríìnì tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ lọ wo kòtò yanrìn tó wà ní ihò kẹtàlá tàbí ìkẹrìnlá, níbi tó jìnnà sí ojú ọ̀gá. Ṣé yanrìn wà níbẹ̀ dé ìwọ̀n, àbí ilẹ̀ líle ti ń yọjú? Ẹ wo etí rẹ̀, ṣé wọ́n gé e? Ẹ wo tee ihò par 3, ìyẹn ihò kúkúrú tó yẹ kí èèyàn fi ìgbá mẹ́ta parí, ṣé koríko wà lórí rẹ̀, àbí gbogbo rẹ̀ ti di ọgbẹ́? Ibẹ̀ ni òótọ́ wà. Àwọn pápá kan wà tí wọ́n ń gba owó torí orúkọ ẹni tó yà wọ́n, tàbí torí ìdíje kan tí wọ́n ṣe níbẹ̀ tí ayé rí lórí tẹlifíṣàn, tí wọn ò sì ní òṣìṣẹ́ tó. Mo ti bá irú wọn ṣiṣẹ́ rí, inú mi kì í dùn nígbà tí mo bá rí àlejò tó ń sanwó lẹ́nu ọ̀nà.

ÌyáBọ́ọ̀lù

Ẹ káre, Agékoríko. Mi ò ní tún fi irú ojú yẹn wo kòtò yanrìn mọ́.

Ní tèmi o, àsìkò ni mò ń sanwó fún. Mo lè san ìdajì lé lórí owó tí mò ń san bí wọ́n bá fi dá mi lójú pé mi ò ní lò ju wákàtí mẹ́rin lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ bí ọjọ́ rẹ̀ ṣe máa rí, kó bi wọ́n pé: ìṣẹ́jú mélòó ló wà láàárín ìkọ̀ kan, ìyẹn àwọn tó jọ ń gbá pọ̀, àti ìkejì?

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú méje ààbọ̀, ìkọ̀ mẹ́jọ ló ń jáde ní wákàtí kan. Ẹni mẹ́rin mẹ́rin, èèyàn 32. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èèyàn 24. Bó bá jẹ́ méjìlá, èèyàn 20. Pápá tó ń fi ìṣẹ́jú méje ààbọ̀ tà, ó ń pa owó púpọ̀ ju ti méjìlá lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti dé ihò par 3 àkọ́kọ́, gbogbo yín á kóra jọ, torí ẹ ò lè gbá títí tí ìkọ̀ tó wà níwájú á fi kúrò lórí gíríìnì, ẹni mẹ́rin ò sì lè parí ihò bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú méje ààbọ̀. Pápá náà ti ta àsìkò yín fún ẹlòmíràn kí ẹ tó dé.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi àti ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà. Ráúǹdì rẹ̀ àkọ́kọ́ ní pápá ńlá. Ní ihò keje, ìkọ̀ mẹ́ta ló wà níwájú wa tó ń dúró. Ọmọ náà jókòó lórí àpò rẹ̀, ó ń já koríko lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò ó sórí bàtà rẹ̀. Ó bi mí pé, "Màmá, ṣé báyìí náà ni gọ́ọ̀fù ṣe máa ń rí?" Owó tí mo san fún àwa méjèèjì lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe kékeré. A ò dé ihò kẹwàá tí mo fi mú un lọ sílé.

Ní báyìí, ìrọ̀lẹ́ la máa ń lọ, ihò mẹ́sàn-án, nígbà tí owó ti wálẹ̀. Oòrùn á ti rọ̀, pápá á ti dá, á máa sáré lọ níwájú mi. Láti 2024, World Handicap System, ètò tí wọ́n fi ń ṣírò handicap kárí ayé, tún ti yí i padà, ihò mẹ́sàn-án tí o gbá lónìí á wọ inú handicap rẹ lónìí, kò ní máa dúró de mẹ́sàn-án mìíràn mọ́. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ihò mẹ́sàn-án kì í ṣe gọ́ọ̀fù.

IhòKejìdínlógún

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, torí ó ṣì ń dùn mí.

Lọ́dún tó kọjá, mo sanwó pápá kan ní oṣù kan ṣáájú, gbogbo owó pátá. Mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo wakọ̀ wákàtí mẹ́ta. Mo dé gíríìnì àkọ́kọ́, mo rí i pé wọ́n ti lu gbogbo rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́, wọ́n sì da yanrìn lé e lórí. Bọ́ọ̀lù mi ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí ẹni ń yí i lórí pákó tí wọ́n gbẹ́. Gíríìnì méjìdínlógún ló rí bẹ́ẹ̀. Mo padà lọ bá wọn, wọ́n ní ìtọ́jú ọdọọdún ni, pé àǹfààní pápá ni wọ́n ń ṣe é fún. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi nígbà tí ẹ ń gba owó mi? Wọ́n ní ó wà lára pátákó. Pátákó tó wà nínú ọgbà wọn ni o, èmi tó wà ní wákàtí mẹ́ta sí wọn.

Wọn ò dá kọ́bọ̀ padà.

Agékoríko

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe sí gíríìnì yẹn, ó pọn dandan. Ẹsẹ̀ èèyàn àti ẹ̀rọ máa ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ àti omi ò ní ráyè dé ìdí koríko mọ́. Tí a ò bá lu ihò wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí a fi yanrìn kún un, gíríìnì á kú sí wa lọ́wọ́. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ló máa ń gbà kó tó tún dán, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n gba owó kíkún láìsọ fún yín, ìyẹn ò dára. Ọjọ́ tí a máa lù ú, a ti máa ń mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Kò sí ẹni tó lè ní kò bá òun lójijì. Ibi tí mo wà báyìí, ìdajì owó là ń gbà ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, a sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pè. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń dìídì wá lásìkò yẹn torí owó náà.

Kí ẹ tó sanwó níbikíbi, ẹ bèèrè pé: "Ọjọ́ wo lẹ máa lu gíríìnì yín?" Ẹ má bèèrè bóyá pápá wà dáadáa, torí kò sẹ́ni tó máa ní kò wà dáadáa.

Ìṣirò

Mo ti ń ka gbogbo yín, mo fẹ́ mú ohun kan wá tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu kàn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń sọ pé ráúǹdì kan ti wọ́n jù, a ò sì mọ iye tí a ń san gan-an fún tiwa.

Ọmọ ẹgbẹ́ ni mo jẹ́ ní pápá kan fún ọdún mẹ́fà. Owó ọdún wọn jẹ́ ìlọ́po ogójì owó tí àlejò ń san fún ráúǹdì kan. Mo gbà pé mo ń jèrè, torí mo máa ń lọ "ní gbogbo ìgbà". Ní ọdún kẹfà, mo ṣí ìwé tí mo ń kọ àmì ayò mi sí, mo kà wọ́n. Ráúǹdì 23. Bí ẹ bá fi 23 pín 40, ẹ máa rí i pé ohun tí mò ń san fún ráúǹdì kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àlejò tó kàn yà wá. Mo jáwọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Owó tó ṣẹ́ kù mi lọ́wọ́ ni mo fi ń lọ sí ibi tó wù mí báyìí.

Bóyá ìlọ́po mẹ́fà ti ẹ̀gbọ́n ò fi bẹ́ẹ̀ ga tí a bá wo gbogbo ọdún. Bí wọ́n bá ń gbá ráúǹdì 40 lọ́dún, tí wọ́n fi ẹyọ kan ṣe ti olówó ńlá yìí, bíi pé wọ́n gbá 45 ni. Tí wọ́n bá pa márùn-ún jẹ nínú àwọn Sátidé tí òjò ṣú, ó ti di dọ́gbandọ́gba.

Ẹ tún wo àsìkò. Ọ̀pọ̀ pápá ló ń yí owó wọn padà bí ọjà ṣe ń lọ báyìí, bíi ti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Pápá kan náà, ọjọ́ kan náà, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ lè san ìlọ́po méjì ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán.

AlápòPupa

Ìṣirò, ọ̀rọ̀ owó tó ń yí padà yẹn ni mi ò fẹ́. Mo fẹ́ mọ iye tí nǹkan jẹ́. Kí n wò ó lálẹ́, kí n bá ìyàwó mi sọ ọ́, kí n jí láàárọ̀ kó ti fi ìdá kan nínú mẹ́rin lékè? Ẹni tí mo bá nínú ìkọ̀ kan náà ti san iye tó kéré sí tèmi nítorí pé ó yára tẹ fóònù rẹ̀. Ìyẹn ò jẹ́ kí ara tu èèyàn nígbà tí ẹ bá jọ ń rìn.

ÌyáBọ́ọ̀lù

Mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ọpẹ́lọpẹ́ owó tó ń wálẹ̀ nírọ̀lẹ́ yẹn ni ọmọ mi fi ń gbá gọ́ọ̀fù. Bí wọ́n bá so owó mọ́ ibì kan láti àárọ̀ dé alẹ́, ti òwúrọ̀ ni wọ́n máa so ó mọ́.

AlápòPupa

Ìyẹn tọ̀nà, ìyá. Mi ò rò ó débẹ̀.

Ọ̀pá7

Mo ti ka gbogbo ẹ̀, mo ṣì wà níbi ìlọ́po méjì. Ìṣirò yín dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá dúró lórí tee, Sátidé márùn-ún tí òjò ṣú ò ní wá sí mi lọ́kàn, iye tí mo san láàárọ̀ yẹn ló máa wá. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n Òwúrọ̀Kùtù, ẹ̀yin lẹ mọ ara yín. Bí ẹ bá kó bọ́ọ̀lù méjì somi ní ihò kẹta, ṣé ẹ lè rẹ́rìn-ín kí ẹ máa lọ? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ san án. Tó bá jẹ́ pé irú mi lẹ jẹ́, ẹ bá wọn lọ, kí ẹ gbé àpò fún ọ̀kan nínú wọn, ẹ rìn pápá náà lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó dùn mọ́ mi ju pé kí n gbá lọ. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ pápá náà ṣá, torí àwọn kan kì í gbà.

Òwúrọ̀Kùtù

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi rò ó.

AlápòPupa bi mí bóyá mo ti ń lálàá pápá náà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé mo ti ń lálàá rẹ̀. Àwòrán ihò keje rẹ̀ ti wà lẹ́yìn fóònù mi láti bí ọdún mẹ́rin, ìyàwó mi ló rán mi létí nígbà tí mo sọ fún un. Ó ní, "Ibi tó wà lára fóònù rẹ yẹn kọ́?" Mo ti wò ó títí, ojú mi ò rí i mọ́.

Ti Ọ̀pá7 náà wọ̀ mí lára. Mo bi ara mi nípa bọ́ọ̀lù méjì nínú omi. Mo mọ̀ pé á dùn mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn mẹ́ta yẹn ò ní jẹ́ kó pẹ́ lára mi.

Mo wá bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ní ká yọ ọ̀kan nínú pápá mẹ́ta tó kù. Ráúǹdì mẹ́rin láàárín ọjọ́ márùn-ún pọ̀ jù, ẹni tó dàgbà jù nínú wa ti pé ọdún 68, orúnkún rẹ̀ kì í jẹ́ kó sùn lẹ́yìn kìlómítà mẹ́jọ, mẹ́sàn-án tí a máa ń rìn ní ráúǹdì kan. Àfi bí ẹni pé wọ́n ti ń dúró kí ẹnì kan sọ ọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbà. Kẹ̀kẹ́ méjì la jọ máa sanwó rẹ̀, kádì kan ṣoṣo la máa mú fún àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Agékoríko

Ìpinnu dáadáa nìyẹn. Ṣé ẹ ti bèèrè ọjọ́ tí wọ́n máa lu gíríìnì?

ÌyáBọ́ọ̀lù

Àti ìṣẹ́jú tó wà láàárín ìkọ̀ kan sí ìkejì o!

Òwúrọ̀Kùtù

Mo pè wọ́n láàárọ̀ yìí. Ìṣẹ́jú méjìlá ni. Obìnrin tó gbé fóònù ní ẹ̀mí sùúrù, nígbà tí mo bèèrè nípa gíríìnì, ó ní kí n dúró, ó lọ bi ọ̀gá àwọn tó ń tọ́jú pápá fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tiwa ni wọ́n máa lù ú. Mo san án kí n tó gbé fóònù sílẹ̀.